Etí Súẹ́tà Tí Ń Fà

Ẹ mú súẹ́tà ọmọ ilé-ìwé kan lọ́wọ́. Ẹ wo etí rẹ̀ nísàlẹ̀ àti lọ́rùn ọwọ́. Ibì kan ga, ibì kan jìn, bí ebè àti poro nínú oko. Bí ẹ bá fà á, poro á là. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ebè á tún sún mọ́ ebè. Èyí ni àwọn tí ń fi ẹ̀rọ hun súẹ́tà ń pè ní ríbù. Òun ni ó ń di ọrùn ọwọ́ àti ìbàdí mú. Súẹ́tà tí kò bá ní i, etí rẹ̀ á ká sókè bí ewé tí oòrùn pa. Ìyá ọmọ á gbé e padà wá: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gba súẹ́tà yín, kí ẹ fún mi lówó mi." Owó òwú ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tí etí náà fi ń ká? Ẹ̀rọ ìhunṣọ inú ilé sábà máa ń ní àtẹ abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Púpọ̀ nínú wọn ní abẹ́rẹ́ 200. Abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìkọ́ lẹ́nu, ó sì ní ahọ́n kékeré tí ń ṣí tí ń padé. Bí a bá ti orí ẹ̀rọ kọjá, abẹ́rẹ́ á mú òwú, á fà á gba inú ojóbó tí ó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìhà kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí, ìhà kan náà ni wọ́n sì ń fa òwú sí. Ìdí nìyẹn tí ojú aṣọ kan fi ń dán, tí èkejì rí gbágungbàgun, tí etí sì ń ká. Nínú ríbù, ojóbó kan kọjú síwájú, èyí tí ó tẹ̀ lé e kọjú sẹ́yìn. Kò sí èyí tí ó borí èkejì, aṣọ á sì tẹ́jú.

William Lee ṣe ẹ̀rọ tí ń hun ìbọ̀sẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1589, ṣùgbọ́n kò lè hun ríbù. Ó di 1759 kí Jedediah Strutt tó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ohun èlò tí ó fi ọ̀wọ́ abẹ́rẹ́ kejì kún un. Ọgbọ́n kan náà ni a ń lò títí di òní.

Bí ẹ bá ní àtẹ kejì, ẹ so ó mọ́ iwájú ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín àwọn ti àkọ́kọ́, bí ìgbà tí a fi ìka ọwọ́ méjèèjì há ara wọn. Bí wọ́n bá forí gbárí, wọ́n á ṣẹ́. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fo ọ̀kan, lórí àtẹ méjèèjì. Ẹ rọra ti orí ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Òwú á ṣe kọ́lọkọ̀lọ láti àtẹ kan dé èkejì. Ẹ fi kóòmù kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ so irin wíwúwo mọ́ ọn. Ojóbó tí kò bá rí ohun tí ń fà á sísàlẹ̀ kì í fẹ́ kúrò lẹ́nu abẹ́rẹ́. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Ní ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí àtẹ kan máa hun ní lílọ, kí èkejì máa hun ní bíbọ̀, kí etí má baà la ẹnu. Lẹ́yìn náà, kí méjèèjì jùmọ̀ máa hun. Kí òwú fún ju ti ara súẹ́tà lọ: bí ara bá wà ní nọ́ńbà 8, ẹ dán 5 wò. Ríbù tí ó bá dẹ̀ kì í fà. Bí ó bá gùn tó, ẹ kó gbogbo ojóbó iwájú sórí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, kí ẹ máa hun ara súẹ́tà lọ.

Ẹni tí kò ní àtẹ kejì ń kọ́? Kí ó hun ún bẹ́ẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, kí ó tú ojóbó kan sílẹ̀, kí ó já wálẹ̀ dé ìtòsí ẹsẹ àkọ́kọ́, kí ó wá fi ìkọ́ ọwọ́ fà á gòkè láti ojú kejì, ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Kí ó fo ọ̀kan, kí ó tún ṣe òmíràn. Ẹ ṣírò ó: ìdajì abẹ́rẹ́ 100 jẹ́ 50. Bí ríbù bá jẹ́ ẹsẹ 20, ẹ ó fa òwú nígbà 1,000 fún iwájú nìkan. Ẹ fi í kún owó iṣẹ́ yín! Àwọn kan ń fo abẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lófìfo, wọ́n á sì ṣẹ́ etí po. Ó jọ ríbù lójú, ṣùgbọ́n kì í fà bí ojúlówó. Èmi kò gbà á fún aṣọ tí ọmọ yóò máa wọ̀ lójoojúmọ́.

Kí ẹ tó hun ti oníbàárà, ẹ hun àpẹẹrẹ abẹ́rẹ́ 40, ẹsẹ 30. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, kí ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n. Ẹ fà á dáadáa, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá padà sí ìwọ̀n rẹ̀, ẹ dín nọ́ńbà ẹ̀rọ kù ní ọ̀kan, kí ẹ tún òmíràn hun. Èyí tí ó bá dára, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé báyìí: "Ọmọ ọdún 6. Abẹ́rẹ́ 100. Ẹsẹ 20. Nọ́ńbà 5." Ìwé yẹn ni ẹ ó ṣí nígbà tí ìyá náà bá mú àbúrò ọmọ wá.