Inú, Ikùn àti Àpòlúkù: Èdè Oúnjẹ Tí Kò Dà

Nínú èdè Yorùbá, inú ni oúnjẹ ń wọ̀, inú kan náà ni èrò, ayọ̀ àti ìbínú ń gbé, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ní "inú ń run mí" àti ẹni tí ó ní "inú ń bí mi" jọ ń tọ́ka sí ibì kan náà, bí ọ̀kan tilẹ̀ ń ráhùn àìsàn tí èkejì sì ń fi ẹ̀hónú hàn. Òwe tí ó ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́ fìdí èyí múlẹ̀, nítorí ó gbà pé ojú ọ̀nà kan ni ebi àti ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé. Èyí kò wá sọ inú di orúkọ kan ṣoṣo tí ó wà. Ikùn ni ohun tí ojú ń rí láti abẹ́ àyà dé ìsàlẹ̀ ìdodo. Àpòlúkù ni àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí lẹ́yìn tí ó bá ti gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá. Ìfun sì ni ọ̀nà gígùn tí ó tẹ̀ lé e, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń fa èròjà inú oúnjẹ mu. Bí iṣẹ́ yìí bá lọ déédéé, wọn a ní oúnjẹ dà. Bí kò bá lọ, wọn a ní oúnjẹ kò dà.

Orúkọ ìnira gan-an ni àṣìlò ti ń wáyé jù, nítorí abẹ́ "inú rírun" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó gbogbo rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ èdè ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tipẹ́. Inú ń lọ́ ẹni tí ìrora rẹ̀ ń fún un mọ́ra tí ó tún ń tú u sílẹ̀. Inú ẹni tí afẹ́fẹ́ kún ìfun rẹ̀ a máa wú. Àyà sì ń ta ẹni tí omi kíkan inú àpòlúkù ń padà gòkè sí ọ̀fun rẹ̀. Ìtọ́jú wọn kò dọ́gba, nítorí náà aláìsàn tí ó bá lo ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ti bá oníṣègùn ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ọgbẹ́ inú, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ọ́lísà, ń fẹ́ àtúnṣe jù lọ. Ojú egbò ni, ní ara àpòlúkù tàbí níbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orúkọ gbogbo inú tí ó bá ń dun ènìyàn. Àwọn tí ó ń sọ pé ebi ni ó fún ènìyàn ní ọ́lísà ń dá ebi lẹ́bi láìtọ́, nítorí ní ọdún 1982 ni Barry Marshall àti Robin Warren ṣàwárí kòkòrò Helicobacter pylori ní Ọsirélíà, èyí tí ó ń fa púpọ̀ nínú egbò náà, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 2005. Lílo òògùn ìrora bí aspirin àti ibuprofen ní àlòjù sì jẹ́ okùnfà ńlá mìíràn. Ebi lè mú kí egbò tí ó ti wà nílẹ̀ máa dun ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó dá a. Ẹni tí ó bá ń bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ní láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn láìjáfara, nítorí "ara mi kò yá" kò tó. Bí ojú bá ń ti àgbàlagbà níwájú nọ́ọ̀sì tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, ìgbọ̀nsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí fún ìgbẹ́, kò sì bo òtítọ́ kankan mọ́lẹ̀.

Ní ti másùnmáwo, ìyẹn àníyàn àti làálàá tí kì í jẹ́ kí ara sinmi, ẹ̀rí tí ó ṣe kókó wà nínú iṣẹ́ William Beaumont, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tí ó tọ́jú Alexis St. Martin lẹ́yìn tí ìbọn bà á ní 1822. Ojú ọgbẹ́ náà, tí ó dé inú àpòlúkù, kò dí tán, dókítà sì ń gba ibẹ̀ wo bí oúnjẹ ṣe ń dà. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1833, ó ṣàlàyé pé bí inú bá bí ọkùnrin náà, ara àpòlúkù rẹ̀ a yí padà, oúnjẹ a sì pẹ́ kí ó tó dà. Iṣan tí ó so ọpọlọ mọ́ àpòlúkù àti ìfun ni ó ń gbé ìròyìn lọ bọ̀ láàárín wọn. Nítorí náà ó tọ́ láti sọ pé àníyàn ń mú kí ìnira inú le sí i, ó sì bójú mu kí ẹni tí inú ń bí dúró kí ara rẹ̀ rọlẹ̀ kí ó tó jókòó ti oúnjẹ.

Àjẹyó ni jíjẹ tí ebi fi tán; àjẹkì ni èyí tí ó kọjá ibẹ̀. Ẹni tí oúnjẹ kì í tètè dà fún yóò rí ìrọ̀rùn bí ó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, tí ó ń rún oúnjẹ kúnná, tí ó dín ata àti epo kù, tí ó sì fi bíi wákàtí 3 sáàárín oúnjẹ alẹ́ àti oorun. Ti òkèlè yàtọ̀, nítorí gbígbé ni wọ́n ń gbé iyán àti àmàlà mì, wọn kì í rún un. Kí olúwarẹ̀ máa bu òkèlè kéékèèké, kí ọ̀kan sì sọ̀ kalẹ̀ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n ń mu, ẹ̀kọ tútù inú ewé ni wọ́n ń jẹ. Èyí tí wọ́n ń mu ni ó sì máa ń rọ aláìsàn lọ́rùn jù, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti da omikan orí ògì náà nù, tí wọ́n sì fi omi mìíràn rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n tó sè é, pàápàá fún ẹni tí àyà ń ta.