Fi Pààrọ̀ àbí Fi Rọ́pò? Èdè Gíà Mọ́tò Lẹ́nu Yorùbá Abidjan

Gíà ni ẹ̀yà ara mọ́tò tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti táyà, tó ń pín agbára ẹ́ńjìnì bí ìrìn bá ṣe gbà. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú oríṣi kìíní, awakọ̀ a tẹ kílọ́ọ̀ṣì, a sì fi ọwọ́ yí gíà. Nínú oríṣi kejì, gíà ń yí ara rẹ̀, kò sì sí kílọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Mánúà ni àwọn mẹkáníìkì ń pe ti kìíní, ọ́tò ni wọ́n ń pe ti kejì. Kí ilé iṣẹ́ General Motors tó gbé gíà Hydra-Matic jáde nínú mọ́tò Oldsmobile ti ọdún 1940, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi orúkọ mánúà ṣe: gíà ni gíà ń jẹ́. Ìgbà tí ọ́tò di ọjà gbogbo ayé ni ti àtijọ́ wá nílò orúkọ tirẹ̀.

Bí ọ́tò inú píkọ́ọ̀pù onídísù bá bàjẹ́, tí owó àtúnṣe rẹ̀ sì fẹ́ jẹ èrè ọjà tán, onímọ́tò lè pinnu pé kí wọ́n yọ ọ́tò kúrò, kí wọ́n fi mánúà sí i. Ìdí wà. Òróró inú ọ́tò a máa gbóná gidigidi bí ẹrù bá wúwo nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí afárá Abidjan ní Côte d'Ivoire, bí òróró náà bá sì ti jó, àwọn pléètì inú gíà náà ti fẹ́ lọ nìyẹn. Mánúà kò ní irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Bí bátìrì mọ́tò mánúà bá kú, ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè tì í kí ó ṣáná. Ọ́tò kò gba títì.

Iṣẹ́ yìí ní èdè tirẹ̀ lẹ́nu Yorùbá. Nínú èdè náà, ọ̀rọ̀-orúkọ ni a yá. Ọ̀rọ̀-ìṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiwa pátápátá. Kò sí ìtìjú nínú orúkọ tí a yá. Àṣìlò ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín oníbàárà àti mẹkáníìkì.

Abidjan fi èyí hàn ju Èkó lọ. Ànàgó ni àwọn ará ìlú ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ìlú Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ìlú tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ Abidjan jù lọ: ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ló ní ẹni tó ti gbé Abidjan rí, èdè Faransé kì í sì í ṣe àjèjì nínú ọjà wọn. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Treichville tàbí Adjamé ti gbọ́ orúkọ ẹ̀yà mọ́tò lédè Faransé kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ará Èkó. Kílọ́ọ̀ṣì ará Èkó, embrayage ni létí rẹ̀; gíábọ́ọ̀sì, boîte de vitesses ni; fíláwíìlì, volant moteur ni. Bí àwọn méjèèjì bá dúró ti píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, orúkọ lè dà wọ́n láàmú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ti ní “kò mú mọ́”, “ó ń yọ̀”, “ẹ sọ ọ́ kalẹ̀”, èkejì ti gbọ́ ọ yékéyéké.

Àwọn orúkọ kan wà tó yẹ kí Yorùbá Abidjan ṣọ́ra fún. Moto lédè Faransé, alùpùpù ni. Ẹni tó bá wí fún mẹkáníìkì elédè Faransé pé mọ́tò òun kò ṣáná, alùpùpù ni onítọ̀hún yóò máa fojú wá kiri. Auto lédè Faransé, odindi mọ́tò ni, kì í ṣe gíà. Boîte automatique ni wọ́n ń pe gíà ọ́tò. Gasoil ni dísù, essence ni pẹtiróò, gaz sì ni ti ìdáná. Kò yẹ kí Yorùbá sọ “epo” lásán fún ọmọ tó ń rọ epo sí píkọ́ọ̀pù onídísù. Epo dísù ni kí ó wí, nítorí òróró ara dísù ló ń mú kí ẹ̀rọ tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnì máa yọ̀ geere. Pẹtiróò kò ní in, irin á sì máa ha irin.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ kí a yanjú ṣáájú ni pààrọ̀, nítorí ojú méjì ló ní. Lọ́jà, ẹni tó fi iṣu pààrọ̀ àgbàdo ti fi iṣu sílẹ̀, àgbàdo ló gbé lọ sílé. Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹni tó fi táyà tuntun pààrọ̀ èyí tó ti jẹ, táyà tuntun náà ló gbé lọ sílé. Ohun tó tẹ̀lé “fi” jáde lọ́wọ́ ẹni nínú gbólóhùn kìíní. Nínú gbólóhùn kejì, ó wọlé. Gbólóhùn méjèèjì ló tọ̀nà, Yorùbá ń sọ méjèèjì lójoojúmọ́, ọ̀gangan ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ló sì máa ń la ìtumọ̀.

Bí ó bá wá di ọ̀rọ̀ gíà, ọ̀gangan ibẹ̀ lè má la nǹkan kan. Ká ní ìyá kan tó ń fi píkọ́ọ̀pù Hilux kó aṣọ lọ sí Bouaké wí fún mẹkáníìkì pé: “Ọ̀gá, ẹ bá mi fi ọ́tò yìí pààrọ̀ mánúà.” Ìyá ń sọ ti ọjà: kí ọ́tò lọ, kí mánúà dé. Ọ̀gá lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó sì tún lè gbọ́ pé ìyá ń fi ọ́tò náà sílẹ̀ fún òun, kí owó rẹ̀ bọ́ sínú owó mánúà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi fóònù àtijọ́ gba tuntun. Ọ́tò tó bàjẹ́ kì í ṣe ohun ìdànù. Owó wà nínú irin rẹ̀ àti nínú ẹ̀yà tó ṣì dára lára rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, tí ìyá wá béèrè gíà rẹ̀ àtijọ́, tí ọ̀gá sì ti tà á, kò sí olè nínú àwọn méjèèjì. Pààrọ̀ ló ṣe é.

Rọ́pò kò ní ojú méjì. Ipò wà nínú rẹ̀ gbangba: ohun tó tẹ̀lé “fi” ni yóò jókòó sí ipò èkejì. “Ẹ fi mánúà rọ́pò ọ́tò” kò ṣeé gbọ́ sódì. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò bá lè fi pààrọ̀ sílẹ̀, kí ó fi “sí” parí rẹ̀: “ẹ pààrọ̀ ọ́tò yìí sí mánúà.” “Sí” náà ń tọ́ka ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. “Sọ di” tún dára, àmọ́ odindi mọ́tò ni ó bá lọ. A lè sọ mọ́tò ọ́tò di mánúà. A kò lè sọ gíà ọ́tò di mánúà, nítorí irin ọ̀tọ̀ ni irin inú àwọn méjèèjì. “Tún gíà ṣe” kò sí nínú iṣẹ́ yìí rárá. Ẹni tó bá ní kí wọ́n tún ọ́tò òun ṣe, ọ́tò náà ni ó ní kí wọ́n dá padà fún òun.

Ṣéńjì ti mú kí ọ̀rọ̀ le sí i. “Mo fẹ́ ṣéńjì gíà” lè jẹ́ pé awakọ̀ fẹ́ kúrò ní gíà kejì bọ́ sí ìkẹta, ó sì lè jẹ́ pé onímọ́tò fẹ́ ra gíábọ́ọ̀sì mìíràn. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì tipẹ́. Yí ni ti ọwọ́ awakọ̀: a ń yí gíà, gíà a wọlé tàbí kí ó kọ̀ kò wọlé, ó sì lè fò jáde lójú ọ̀nà bí eyín rẹ̀ bá ti jẹ. Bí gíà kò bá sí níbì kankan, ó wà ní fíríì. Pààrọ̀ tàbí rọ́pò ni ti ọwọ́ mẹkáníìkì. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, yíyá kò fi ohun kan kún èdè.

Ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ náà gan-an ń tẹ̀lé ara wọn bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ ṣáàfùtù tó lọ sẹ́yìn, wọ́n á fa òróró ọ́tò dànù, wọ́n á yọ páìpù méjèèjì tó ń gbé òróró náà lọ tutù nínú rédíétọ̀, kí wọ́n tó sọ gíà kalẹ̀. Sọ kalẹ̀ ni kí wọ́n gbé gíà kúrò lára ẹ́ńjìnì lódindi. Tú ni kí wọ́n ṣí inú rẹ̀, kí ẹ̀yà rẹ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti olùkọ́ èdè nìkan, nítorí owó iṣẹ́ àwọn méjèèjì jìnnà síra. Mẹkáníìkì tó bá ní òun yóò tú ọ́tò tí wọ́n fẹ́ gbé kúrò ti ń sọ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á yọ tọ́ọ̀kì kọ́ńfátà, wọ́n á yọ irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, wọ́n á wá de fíláwíìlì tó wúwo mọ́ ipò rẹ̀, pẹ̀lú bíárìn kékeré tó ń jókòó sí ẹnu kíráńkì. Èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Mánúà tó bá wọlé láìsí bíárìn yẹn yóò máa ké láti ọjọ́ kìíní.

Orí kílọ́ọ̀ṣì ni àmì ohùn ti ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Kílọ́ọ̀ṣì tó dára ń mú, mọ́tò sì ń mu epo. Ohùn òkè ló ya dídìmú sọ́tọ̀ kúrò lára mímu. Kílọ́ọ̀ṣì tí pléètì rẹ̀ ti jẹ ń yọ̀: ẹ́ńjìnì á ké, awakọ̀ á tẹná, mọ́tò kò ní fò síwájú. Bí ó bá ń yọ̀ báyìí fún ìgbà pípẹ́, yóò jó, òórùn rẹ̀ á sì wọ inú mọ́tò. Yọ láìsí ohùn ìsàlẹ̀ ni kí a mú nǹkan kúrò. Ẹni tó bá fi fóònù kọ “klooshi n yo” ránṣẹ́ láìfi àmì sí i lè rí mẹkáníìkì tó ti sọ gíà rẹ̀ kalẹ̀ kó tó dé. Ọ́tò náà rèé: ọ́tò ni gíà tó ń yí ara rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tó yàtọ̀. “Gia oto” lórí ìwé ìdíyelé lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ohun ìtẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, páìpù òróró rẹ̀ àti ọ̀pá gíà náà gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú mánúà. Wáyà wà níbẹ̀ tí wọn kò gbọdọ̀ gbàgbé. Mọ́tò ọ́tò ní ìdènà kan tí kì í jẹ́ kí ó ṣáná àfi tí gíà bá wà ní páàkì tàbí fíríì. Bí wọ́n bá ti gbé ọ́tò kúrò, wáyà náà kò mọ ibi tí gíà wà mọ́, mọ́tò kò ní ṣáná títí tí oníná mọ́tò yóò fi so ó dáadáa. Iná ìfẹ̀yìnrìn náà ń fẹ́ ìsopọ̀ tirẹ̀.

Ìbéèrè ibi tí mánúà yóò ti wá tún mú ọ̀rọ̀ mìíràn dé. Bí píkọ́ọ̀pù bá jẹ́ Hilux tí wọ́n ṣe láàárín 2004 àti 2015, tó ní ẹ́ńjìnì dísù lítà 3.0 tí wọ́n ń pè ní 1KD-FTV, iṣẹ́ ń rọrùn, nítorí ẹ́ńjìnì kan náà ni Toyota fi sínú ti ọ́tò àti ti mánúà. Ẹ̀yà ara mọ́tò ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti kú ni wọ́n máa ń wá. Casse ni Abidjan ń pe ọjà irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, Anador ní Abobo sì jẹ́ orúkọ tí ẹnu ti mọ̀ tipẹ́ fún un. Àlòkù ni ohunkóhun tí ẹlòmíràn ti lò ṣáájú. Tòkunbọ̀ kéré sí i: ó gbọ́dọ̀ ti òkun bọ̀ ní tòótọ́. France au revoir ni Abidjan ń pe mọ́tò bẹ́ẹ̀; ní Nàìjíríà, “Bẹ́líjíọ̀mù” ni àwọn oníṣòwò ń pe ẹ̀yà ara rẹ̀. Gíà tí wọ́n yọ lára píkọ́ọ̀pù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Abidjan láti ọdún pípẹ́, àlòkù ni. Ẹni tó bá pè é ní tòkunbọ̀ ń fi orúkọ fowó kún un.

Àwọn tó ń kọ̀wé ẹ̀kọ́ lè lo àfọwọ́yí fún mánúà, kí wọ́n sì lo adáṣiṣẹ́ fún ọ́tò. Àwọn méjèèjì bá òfin èdè mu, akẹ́kọ̀ọ́ sì máa lóye wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì, mánúà àti ọ́tò ni kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ni ẹnu àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ti gbà. Ẹni tó bá ń ṣe àdéhùn iṣẹ́ yìí ní Abidjan tàbí ní Èkó, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé “ẹ fi mánúà rọ́pò ọ́tò, kí ẹ sì gbé ọ́tò tí ẹ bá yọ fún mi”, kí ó fi àmì ohùn sí i, kí ó sì kà á sókè fún ọ̀gá kí wọ́n tó gbé jáàkì sábẹ́ mọ́tò.