Ìṣòro “Gbé Ohùn Sókè”: Ìperí fún Ẹ̀kọ́ Ìpè Fífun ní Yunifásítì

Nínú ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ orin, orúkọ ohun èlò kì í sábà fa wàhálà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ láti ilé ni ó le jù. Gbólóhùn kan tí kò ṣe é yẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ fi èyí hàn: “Gbé ohùn sókè.” Bí ìyá bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ń kàwé, ohun tí ọmọ náà gbọ́ ni pé kí ìwé kíkà òun túbọ̀ dún létí. Bí ọ̀gá akọrin bá sọ ọ́, ó lè jẹ́ pé orin wà lókè, tí ohùn àwọn akọrin sì wà nísàlẹ̀. Àṣìgbọ́ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa akọrin lára. Ó lè pa afunpè lára, ní ètè gan-an.

Orúkọ ohun èlò náà kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Àwọn olùtumọ̀ Bíbélì ti sọ “ìpè” di mímọ̀. “Fèrè” gba ohun púpọ̀ mọ́ra, títí kan èyí tí ètè kì í gbọ̀n sí rárá. “Kàkàkí” sì ti ní ohun èlò tirẹ̀.

Okùn idẹ ìpè B♭ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, bí wọ́n bá nà án tán, gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 148. Ètè afunpè ni ó ń gbọ̀n nínú ìfètèlé, ìyẹn kòtò kékeré tí ó ń fi ètè lé. Láìtẹ ohunkóhun, ètè náà lè gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 233 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó lè fò lọ sí 349, kí ó tún fò lọ sí 466. Ìka kò kúrò lójú kan. Kò sì sí ìdí tí ariwo fi gbọdọ̀ pọ̀ sí i. Ohun tí ó yí padà ni bí igun ètè ti le tó, bí èémí ti yára tó, àti ibi tí ahọ́n wà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ “gbé ohùn sókè” gẹ́gẹ́ bí “pariwo” yóò da èémí sínú ìpè, yóò sì ti ìfètèlé mọ́ ètè. Ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn dáadáa níbẹ̀ mọ́, ètè kò ní lè gbọ̀n, ìró yóò há, láìpẹ́ kò ní jáde rárá.

Àwọn kan lè sọ pé àyíká ọ̀rọ̀ yóò là á yé e. Ẹni tí ìpè wà lẹ́nu rẹ̀ kò lè bèèrè ìbéèrè.

Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí fi “ohùn” sílẹ̀ fún ènìyàn àti fún ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí àwọn onímọ̀ èdè ń lò, kí ó sì mú “ìró” fún ohun tí ìpè ń gbé jáde. (Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ èdè náà ní ìró kọ́ńsónáǹtì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjèèjì kì í sábà pàdé nínú gbólóhùn kan.) “Ìpele ìró” yóò wá dúró fún ibi tí ìró gòkè dé, “agbára ìró” fún bí ó ti rinlẹ̀ létí tó, “ìdún” fún ìwà tí ó mú kí ìró ìpè yàtọ̀ sí ti fèrè. Ẹni tí kò bá fi àmì sórí èyí tí ó kẹ́yìn yóò rí kòkòrò orí ibùsùn nínú ìwé rẹ̀. “Àkàsọ̀ ìró” ni ó bá 233, 349, 466 àti àwọn tí ó wà lókè wọn mu. Olùkọ́ lè wá sọ pé “gun ìpele kan” tàbí “fi agbára kún un”, kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí tí ó ń sọ.

Ọmọ-ìtẹ̀ mẹ́ta ni ó wà lára ìpè. Ti àárín ń fa ìró wálẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kúkúrú kan, ti àkọ́kọ́ ní méjì, ti ẹ̀kẹta ní mẹ́ta. Àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́fà. Ìró mẹ́fà gan-an ni ó sọnù láàrin 233 àti 349. Kí ọmọ-ìtẹ̀ tó dé, àwọn afunpè a máa gun òkè àkàsọ̀ lọ, níbi tí àwọn ìpele ti sún mọ́ra, kí wọ́n tó lè fun orin tí kò ní àlàfo. Nígbà tí Haydn kọ orin ìpè rẹ̀ ní 1796, Anton Weidinger ni ó kọ ọ́ fún, ẹni tí ìpè rẹ̀ ní ihò tí ìdérí ń bò. Weidinger fun ún ní Vienna ní 1800. Ní 1818 ni Stölzel àti Blühmel gba ìwé-àṣẹ lórí ọmọ-ìtẹ̀ ní Prussia. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní fi ọmọ-ìtẹ̀ fun orin Haydn náà, ó sì rọrùn fún un láti rò pé ìka ni ó ń yan ìró. Irọ́ ni. Ìka ń yan àkàsọ̀. Ètè àti èémí ni ó ń yan ìpele.

Bí ìró ṣe ń bẹ̀rẹ̀ náà nílò ọ̀rọ̀. Arban, tí ó kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ orin gíga ti Paris, kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní 1864 pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ahọ́n pe “tu”. Fáwẹ̀lì Faransé yẹn kò sí ní èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ahọ́n kì í lu nǹkan kan. Ńṣe ni ó ń kúrò lọ́nà kí èémí lè kọjá. Ó tú èémí sílẹ̀. “Ìfahọ́ntú” ni ó yẹ kí a pè é, kì í ṣe “ìfahọ́nlù”.

Ó kù sí orúkọ ìṣesí ètè fúnra rẹ̀. Ó lè wu olùtumọ̀ láti sọ pé “ìdì-ètè”, nítorí ojú ni ó fi wo afunpè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó di ètè rẹ̀ pinpin ti dá àṣìṣe àkọ́kọ́ padà: kò sí ohun tí yóò gbọ̀n. “Ìtò-ètè” sàn jù. Igun méjèèjì dúró gbọin, àárín rọ̀, èémí sì rí ọ̀nà gbà.