Ẹṣin Tó Sorí Kọ́: Ohun Tó Yẹ Kí Olùtọ́jú Yẹ̀ Wò Kó Tó Ra Abẹ́rẹ́

Ẹṣin kì í fẹnu sọ ohun tó ń ṣe é, ìṣesí rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bí ẹṣin tó máa ń yára wá síbi oúnjẹ bá dá dúró sí kọ̀rọ̀, tó sorí kọ́, tí kò sì bìkítà fún ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́, ara rẹ̀ kò yá. Àwọn tó ń sin ẹṣin ní Kánò, Kàtsínà, Sókótó àti Ìlọrin, níbi tí ẹṣin ti jẹ́ iyì ayẹyẹ Dọ́bà, mọ àmì yìí dáadáa.

Àmọ́ ìsoríkọ́ kì í ṣe orúkọ àrùn, àmì àrùn ni. Inú rírun lè pa ẹṣin láàárín wákàtí díẹ̀, nígbà tí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ràn án lè fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, méjèèjì lè jọra lójú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a yẹ ẹṣin wò létòlétò.

Ohun tó ṣeé wọ̀n

Ìgbóná ara ẹṣin tó dàgbà, tó sì ń sinmi, máa ń wà láàárín 37.5 sí 38.5 lórí òṣùwọ̀n Selsiọ́sì. Ihò ìdí ni a ti ń wọ̀n ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹṣin ni kí olùtọ́jú dúró sí, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ máa ń lù ní ìgbà 28 sí 44 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì máa ń mí ní ìgbà 8 sí 16.

Erìgì tó dá ṣáṣá máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ yóò padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Ṣùgbọ́n bí itọ́ bá ń ṣàn lẹ́nu ẹṣin, tí kò sì lè gbé nǹkan mì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Ó lè jẹ́ àrùn dìgbòlugi, èyí tó ń pa ènìyàn pẹ̀lú.

Ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan lè túmọ̀ sí

Ẹṣin tó ń wo ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, tó ń yí gbiri, tí kò sì yàgbẹ́, inú rírun ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Èyí tí pátákò rẹ̀ gbóná, tí kò fẹ́ rìn, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Bí oúnjẹ tó ti jẹ lẹ́nu bá ń já bọ́, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi eyín.

Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, erìgì tó funfun, ara tó ń rù àti ìsàlẹ̀ ikùn tó wú ń tọ́ka sí àrùn eṣinṣin tsetse. Àrùn yìí kì í ṣe tuntun: ó wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́ lè máa jagun nínú igbó kìjikìji. Bí erìgì bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òróró pupa, tí ìtọ̀ sì dúdú, ó yẹ kí a wá eégbọn lára rẹ̀. Ikọ́ àti ikun imú pẹ̀lú ibà ń béèrè pé kí a ya ẹṣin náà sọ́tọ̀ kíákíá.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Kí a gbé oúnjẹ kúrò níwájú ẹṣin tí inú ń run, kí a sì pe dókítà ẹranko láìfi falẹ̀. Kí a má ṣe da òróró tàbí àgbo sí i lọ́fun, nítorí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Abẹ́rẹ́ tí a fi ìméfò gún léwu: oògùn ìrora lè bo àmì mọ́lẹ̀, oògùn àrùn eṣinṣin tsetse tí kò sì tó ìwọ̀n lè mú kí kòkòrò àrùn náà má gbọ́ oògùn mọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú, a sì lè tún un ṣe, torí kòkòrò náà kì í fìgbà gbogbo hàn nínú ẹ̀jẹ̀.

Kí olùtọ́jú kọ ìgbóná ara, ìlù ọkàn, ìgbẹ́, omi tí ẹṣin mu àti wákàtí tí ìsoríkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí ni yóò ràn dókítà lọ́wọ́ láti tètè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àìsàn ló ṣeé wò, a kì í wo ikú.