Abẹ́rẹ́ Skáànù Ẹ̀dọ̀: Ẹ Má Sá, Ẹ Má sì Fi Nǹkan Pamọ́

Ọ̀pọ̀ obìnrin wa ní Dublin, ilé ìwòsàn aboyún ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn ní mẹ́dọ̀wú B. Ì báà jẹ́ Rotunda, ì báà jẹ́ Coombe tàbí Holles Street, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aboyún wò fún un. Ìyá á bí, wọ́n á fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, ìdùnnú á ṣubú lu ayọ̀. Lẹ́tà tó ní kí ìyá máa lọ rí dókítà ẹ̀dọ̀ á wọ inú àpò ìwé, ó parí. Bàbá ọmọ ńkọ́? Kò tíì yẹ tirẹ̀ wò rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún 2004 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àjẹsára mẹ́dọ̀wú B kún ti àwọn ọmọ ọwọ́. Àwa tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn, ó yẹ kí kálukú mọ ibi tóun dúró sí, torí àrùn yìí lè gbé inú ẹ̀dọ̀ fún ogún ọdún láìfọhùn, kó tó wá di jẹjẹrẹ.

Ìdí nìyí tí dókítà fi ń ní kí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in máa ṣe skáànù ẹ̀dọ̀ lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Wọ́n ń rọ àwa tí a wá láti Áfíríkà pé ká tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kì í dúró dìgbà ogbó lára wa. Lọ́jọ́ kan, skáànù lè rí kókó kan. Ọ̀pọ̀ irú kókó bẹ́ẹ̀ kò léwu. Òmíràn wulẹ̀ jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ́ mọ́ra wọn. Skáànù lásán kì í sábà lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì, ni wọ́n á bá ní kẹ́ ẹ wá fún èyí tó ní abẹ́rẹ́.

Ibẹ̀ làwọn ènìyàn wa ti ń sá. Wọ́n á ti gbọ́ pé afẹ́fẹ́ ló wà nínú abẹ́rẹ́ ọ̀hún, ta ni kò sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ nínú iṣan ń pani? Òótọ́ ni, bó bá pọ̀. Oògùn tí wọ́n ń pè ní SonoVue, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Yúróòpù lọ́dún 2001, ìhó tíntìntín bíi ti ọṣẹ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìhó náà kéré sí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Mílílítà 2.4 ni wọ́n ń fún ni fún ẹ̀dọ̀, gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì tó ẹ̀kán omi kan. Bí ìró ẹ̀rọ bá kan ìhó wọ̀nyí, wọ́n á máa gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ á sì tàn yòò lójú ẹ̀rọ. Dókítà á tẹ aago. Kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ á rọra máa kún láti etí wá sí àárín. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sábà máa ń mu ẹ̀jẹ̀ kíákíá láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà á wá ṣú. Ó lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó gbójú kúrò.

Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ìdá 80 nínú 100 afẹ́fẹ́ yẹn ti bá èémí yín jáde. Kò gba ọ̀nà kídìnrín kọjá, kò sì ní ìtànṣán. Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ti bá kídìnrín yín jà, tí oògùn tí wọ́n ń fún ni fún skáànù CT ń ba àwọn dókítà yín lẹ́rù, ẹ ò rí i pé ọ̀nà míì wà!

Ṣùgbọ́n oògùn ni o. Ní Ítálì, nínú àyẹ̀wò 23,188 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2006, méjì péré ni nǹkan líle ti ṣẹlẹ̀. Ó kéré, àmọ́ kì í ṣe òfo. Lọ́dún 2007, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ìkìlọ̀ líle sórí irú oògùn yìí lẹ́yìn tí àwọn kan kú kété tí wọ́n gbà á. Wọ́n dẹ̀ ẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́. Mo mọ̀ wá: gbogbo ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù la máa ń kọ "bẹ́ẹ̀ kọ́" sí, kí wọ́n má baà sọ pé ká padà wá lọ́jọ́ míì. Bí àyà bá ń dùn yín láìpẹ́ yìí, bí ihò bá wà nínú ọkàn yín, bí ẹ̀jẹ̀ yín bá ń ru tí oògùn kò ká a, bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti wọ iṣan ẹ̀dọ̀fóró (ó máa ń ṣe àwọn kan tó ní foníkúfọláde), ẹ sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oyún, kódà èyí tí ẹ kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ara yín bá ti kọ Movicol, oògùn tí wọ́n ń lò bí ìgbẹ́ bá le, rí, tàbí abẹ́rẹ́ Covid ti Pfizer tàbí Moderna, ẹ tẹnu mọ́ ọn, nítorí èròjà kan tó wà nínú wọn ní ìbátan nínú oògùn yìí.

Agbo ńkọ́? Mi ò bú agbo, àmọ́ àwọn kan ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Dókítà tó ń wo ẹ̀dọ̀ yẹ kó mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń mu.

Ẹ má mú ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ ṣe ògbufọ̀. Ṣé òun ni yóò béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ó lóyún? Bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá dán mọ́rán lẹ́nu yín, ẹ sọ fún ilé ìwòsàn ṣáájú ọjọ́ náà pé ẹ fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá.

Bí wọ́n bá sì tún ní kẹ́ ẹ lọ ṣe CT tàbí MRI lẹ́yìn èyí, ẹ má rò pé wọ́n tàn yín. Kókó kan ni abẹ́rẹ́ yìí ń jẹ́ kí wọ́n tẹjú mọ́. Ọ̀rá ikùn àti gáàsì inú ìfun sì lè dí ẹ̀rọ skáànù lójú.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá fún yín ní abẹ́rẹ́ yìí, ẹ jókòó níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀sì Blanchardstown ti fẹ́ lọ. Bí ara bá ń yún yín, bí ojú bá ń wú, bí èémí bá ń ṣòro, ẹ ké sí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti délé ló ṣẹlẹ̀, 999 tàbí 112 ni kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ sì sọ orúkọ oògùn tí wọ́n fún yín.