Bí ọ̀pẹ ṣe lè la ẹ̀ẹ̀rùn já ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì

Ní oṣù Èrèlé, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbá ewé gbẹ ní gbogbo agbègbè Arámọkọ, ẹ wọ oko ọ̀pẹ kan tí wọ́n ti ń to imọ̀ sáàárín ilà fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ ká imọ̀ òkè kúrò, ẹ ká èyí tó ti jẹrà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ti ìka bọ ilẹ̀. Ó tutù. Ekòló wà níbẹ̀, gbòǹgbò ọ̀pẹ wẹ́wẹ́ sì ti rá pálá wá mumi. Ẹ wá rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré sí ibi tí wọ́n ro mọ́ tónítóní: ilẹ̀ ibẹ̀ ti le kankan, ó ti sán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo àgbẹ̀ Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n àti Arámọkọ fi sọ́kàn.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá igi ólífì inú Bíbélì lè ṣe dáadáa lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Ó lè hù, ṣùgbọ́n kò dájú pé yóò so. Òtútù gidi bíi ti Sípéènì àti Gíríìsì ló ń mú un yọ òdòdó, ọyẹ́ tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kí a kọ́: ìgbà òtútù ni òjò wọn ń rọ̀, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sínú ilẹ̀ de ìgbà ooru tí kò ní sí òjò. Ọ̀pẹ ni igi epo tiwa, ó sì fẹ́ irú ìtọ́jú yẹn.

Òjò tí ọ̀pẹ fẹ́ lọ́dún tó mìlímítà 2,000, kó sì máa rọ̀ yíká ọdún. Tiwa kò tó o, láti oṣù Bélú títí wọ oṣù Ẹrẹ́nà ló sì máa ń wọ́n jù. Ẹ̀ẹ̀rùn tó bá mú ọ̀pẹ kì í hàn lọ́dún yẹn. Nǹkan bí ọdún méjì kí ìdì ẹyìn tó pọ́n, nígbà tí òdòdó rẹ̀ ṣì wà nínú igi, ni ọ̀pẹ ti ń yàn bóyá òdòdó náà yóò jẹ́ akọ tàbí abo. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ lákòókò náà, akọ ni yóò pọ̀, akọ kì í sì í so. Ẹni tí ọ̀pẹ rẹ̀ kò so dáadáa lọ́dún yìí, kó rántí ẹ̀ẹ̀rùn èṣí àti ìdúnta kó tó sá lọ ra ajílẹ̀.

Ẹ má gbin ọ̀pẹ sí góńgó òkè tí òkúta ti gba ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkè ló dára, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ ti jinlẹ̀, àmọ́ kì í ṣe àkùrọ̀ tí omi máa ń dúró sí. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilà dábùú òkè. Ẹ gbẹ́ ìdúró pẹrẹsẹ kékeré fún igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì mọ etí díẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí omi òjò lè dúró kó rì.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn ló ń dùn mí jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣa èyí tó hù lábẹ́ ọ̀pẹ àgíríìkì. Ọmọ àdàlù ni àgíríìkì: ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ ní eèpo èkùrọ́ tó nípọn, èkejì kò ní eèpo rárá. Bí àgíríìkì bá gba àgíríìkì, nínú ọmọ mẹ́rin, nǹkan bíi méjì ni yóò jọ ìyá. Ọ̀kan á padà di eléèpo nínípọn, ọ̀kan á di aláìléèpo tí ìdì rẹ̀ sábà máa ń rà kó tó pọ́n. Ọdún kẹta tàbí ìkẹrin ni ẹ óò tó mọ̀, owó àti agbára ti lọ nígbà náà. Ẹ ra èso tàbí ọmọ ọ̀pẹ láti NIFOR, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tó ti wà lẹ́bàá ìlú Bìní láti ọdún 1939, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó lè fi ìwé hàn pé ibẹ̀ lòun ti rà á.

Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín, kí gbòǹgbò lè wọlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Mítà 9 ni kó wà láàárín igi kan sí èkejì. Ẹ so okùn olómítà 27 pọ̀ ní òbírí, ẹ ta kókó sí i ní mítà mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, kí ènìyàn mẹ́ta di kókó kọ̀ọ̀kan mú kí wọ́n sì fà á le: ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà ni ihò mẹ́ta yóò wà. Hẹ́kítà kan á gba ọ̀pẹ 143, éékà kan á gba nǹkan bí 58. Ẹ fi wáyà yí ìdí rẹ̀ ká nítorí ọ̀yà.

Ẹ gbin ẹ̀gúsí, ẹ̀pà tàbí àgbàdo sáàárín ní ọdún àkọ́kọ́, kí oòrùn má pa ilẹ̀ lójú. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ jìnnà sí ìdí ọ̀pẹ. Ìdí igi nìkan ni kí ẹ ro mọ́ ní òbírí. Ìyókù, ẹ gé koríko mọ́lẹ̀, ẹ má hú u. Nígbà tí ẹ bá ń gé imọ̀, ẹ fi méjì sílẹ̀ lábẹ́ ìdì tó fẹ́ pọ́n, kí ẹ sì to èyí tí ẹ gé sáàárín ilà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbálẹ̀, èyí tí ẹ ti gé ni kó mú.

Kí oṣù Ọ̀pẹ tó parí, ẹ ti gbọ́dọ̀ ro ọ̀nà iná yí oko ká, fífẹ̀ rẹ̀ bíi mítà mẹ́rin, títí ilẹ̀ á fi hàn. Iná ọdẹ ẹyọ kan lè jẹ imọ̀ tí ẹ fi ọdún mẹ́ta tò.

Ẹ má fọ́n òògùn kòkòrò sí òdòdó ọ̀pẹ. Kòkòrò tíńtín kan ń gbé nínú òdòdó akọ, òun ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lọ sára abo. Ní Malaysia, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé lẹ́búlẹ́bú náà sára abo títí di ọdún 1981 tí wọ́n kó kòkòrò yìí wá láti Kamẹrúùnù. Ọ̀fẹ́ ló ń bá wa ṣiṣẹ́ níhìn-ín.

Ìdì òfìfo tí a ti ṣá ẹyìn kúrò lára rẹ̀, tí a ń fi sílẹ̀ ní ẹkù, oúnjẹ ọ̀pẹ ni. Eérú rẹ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú fi hàn pé pọ́táṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kó o padà sóko, kí ẹ tẹ́ ẹ yí ìdí igi ká ní ìpele kan ṣoṣo. Tí ẹ bá kó o jọ gègèrè, inú rẹ̀ ni kòkòrò abìwo tó ń gbẹ́ ọkàn ọ̀pẹ yóò máa yé ẹyin sí.