Orí Kẹfà: Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Kànga Àdúgbò

Tí alága bá dá gbogbo ètò kànga ṣe nínú yàrá rẹ̀, tó wá ní kí ará àdúgbò máa dáwó, owó náà lè pé, kí kànga sì gbẹ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé ìdajì. Ohun tó yẹ ní mímọ̀ nípa kànga kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Níbo la máa gbẹ́ ẹ sí? Àwọn obìnrin tó ń pọnmi lójoojúmọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Àwọn ló mọ kànga tó ń gbẹ lóṣù Èrèlé, àwọn ló mọ èyí tí omi rẹ̀ ń rùn tí òjò bá ti rọ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń jókòó sí nípàdé. Alága tó mọṣẹ́ á pè wọ́n síwájú: "Ìyá Ìbejì, kí lẹ rí sí i?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣáláńgá kan wà lẹ́yìn ògiri ibi tí ẹ ń wí yẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí lè gba odindi àdúgbò lọ́wọ́ àrùn onígbáméjì. Ó yẹ kí kànga fi nǹkan bíi mítà 30 jìnnà sí ṣáláńgá, kó sì wà lápá òkè rẹ̀, torí ẹ̀gbin inú ilẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé omi lọ sí ìsàlẹ̀.

Ẹ pe ẹni tó máa gbẹ́ ẹ náà sí ìpàdé. Òun ni yóò sọ fún yín pé ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù. Nígbà òjò, omi á tètè yọ, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró, ó di oṣù Ṣẹ́rẹ́, korobá ń kan ilẹ̀ gbígbẹ. Kànga tó bá rí omi nígbà tí ilẹ̀ gbẹ jù lọ ni yóò sìn yín yípo ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ fa ìlà sínú ìwé: iṣẹ́, orúkọ, ọjọ́. Sìmẹ́ńtì, Bàbá Alágbẹ̀dẹ, Ọjọ́bọ̀. Owó, akápò, ìparí oṣù. Iṣẹ́ tí a bá ní "gbogbo wa la máa ṣe é", ilẹ̀ ló máa ń wà. Ẹ kà á sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́ orúkọ ara wọn.

Ẹ má tú ìpàdé ká láìkọ orúkọ ẹni tí yóò máa tọ́jú okùn àti ìdérí kànga.